Kílípà Tí Kò Gbọdọ̀ Dákẹ́

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan nìyí, lọ́sàn-án gangan: àga kan, dígí gàgàrà kan, apẹ̀rẹ̀ kan lábẹ́ tábìlì, ọmọ tuntun kan nínú apẹ̀rẹ̀ náà, ó ń sùn fọnfọn. Ohun tí gbogbo ayé kò mọ̀, tí èmi mọ̀, ni pé kò sí orin, kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí ìjó tí ó lè mú ọmọ yìí sùn lọ́sàn-án, àfi ìró kílípà bàbá rẹ̀. Láti àárọ̀ tí ìyá ọmọ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ni kílípà náà ti ń ké, ó sì ti fá gbogbo àdúgbò lórí kodoro. Ẹni tí ó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kí ó jáde lọ wo orí wọn.

*(Oníbàárà ti tán. Onígbàjámọ̀ na kílípà sókè, ó ń gé afẹ́fẹ́. Bàbá ìyàwó rẹ̀ já wọlé, irun orí rẹ̀ funfun, ó kún bí òwú tí ó là, irùngbọ̀n rẹ̀ sì bá a mu.)*

BÀBÁ ÌYÀWÓ: O kú iṣẹ́ o. Ta lò ń gé irun fún?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: *(ó fò sókè)* Háà! Ẹ káàbọ̀, sà! Kò sí ẹnì kankan, sà. Ọwọ́ mi ni mò ń nà.

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Nínú afẹ́fẹ́?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe máa ń sáré kiri kí eré tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, sà.

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Pa á, ká lè gbọ́ ara wa.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ̀rọ tuntun ni, sà. Ẹni tó bá ń pa á, tó tún ń tàn án, ó máa ń bínú sí i.

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Ẹ̀rọ ló ń bínú?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ju ìyàwó lọ, sà. *(Ó rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.)* Ju ìyàwó ẹlòmíràn lọ.

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Ọ̀rọ̀ ìyàwó gan-an ló gbé mi wá. Mo gbọ́ pé ọmọ mi padà síbi iṣẹ́ lónìí, pé ìwọ lo wá gbé ọmọ ọmọ mi wá sáàárín irun ẹni ẹlẹ́ni. Mo ní kí n fojú ara mi rí i. Gbọ́ mi dáadáa. Tí ọmọ yìí bá sunkún ẹ̀ẹ̀kan péré níṣojú mi, òun àti ìyá rẹ̀ ń bá mi lọ sílé nìyẹn, ó di ìgbà tó bá hu eyín.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Eyín àkọ́kọ́, sà?

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Gbogbo rẹ̀! *(Ó jókòó sórí àga.)* Bí mo sì ṣe wá náà nìyí, bá mi tọ́ ẹ̀gbẹ́ etí mi díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o. Má kan àárín. Irun yìí ni ìyá ìyàwó rẹ rí tó fi gbà láti fẹ́ mi. Ó ní ọjọ́ tí mo bá gé e kúrò, kí n má fi orí àjèjì wọ ilé òun.

*(Onígbàjámọ̀ fi aṣọ bò ó lára, ó sì yí àga padà kíá. Dígí bọ́ sẹ́yìn Bàbá.)*

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Ẹ̀yìn mi ni dígí wà.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyẹn, sà. Ẹni tó bá ń wo ara rẹ̀ máa ń na ọrùn, irun á wá wọ́.

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Ẹ̀yin ọmọ òde òní. Ó dáa, máa gé e. Ọmọ títọ́, ọgbọ́n ni. Gbogbo àwọn tí mo bí, kò sí èyí tó sunkún rí.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Rárá, sà?

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Ọjọ́ tí wọ́n wáyé nìkan ni. Ìyẹn náà, mo bá wọn wí.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Èmi ni tèmi ń bá wí, sà. Kí n tó bímọ, kò sí ohun tí n kò mọ̀ nípa ọmọ. Orí ìdúró yìí ni mo ti ń gba àwọn bàbá ọlọ́mọ nímọ̀ràn. Mo sọ fún ọ̀kan pé bí ọmọ bá ń ké, kí ó kàn tẹjú mọ́ ọn ganrangandan, á dákẹ́. Ọkùnrin yẹn wá síbí láìpẹ́ yìí, ó jókòó, kò gé irun. Ó ní òun kàn fẹ́ tẹjú mọ́ mi ganrangandan ni.

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Wọ́n ní iṣẹ́ ti dàrú mọ́ ọ lọ́wọ́.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, sà?

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Wọ́n ní o da wàrà ọmọ sí oníbàárà lọ́rùn, o ní sípírítì ni.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Irọ́ ni, sà! Òun ló ní kò ta òun. Mo ní kí ó máa dúpẹ́.

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Wọ́n ní o gé irun ọkùnrin kan tán, o wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́pẹ́, títí ó fi gùnfẹ̀.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ ni, sà. Àmọ́ ara tu ọkùnrin náà o! Ó ní ọjọ́ pẹ́ tí nǹkan yẹn ti há sí òun láyà. Ó ń mú àbúrò rẹ̀ bọ̀.

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Nílé ńkọ́?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Nílé, sà, ìyàwó mi gbé oúnjẹ síwájú mi, mo so nápíkì ọmọ mọ́ ara mi lọ́rùn, mo sì kígbe pé, “Ta ló kàn?”

*(Ẹ̀gbẹ́ etí méjèèjì ti mọ́ tónítóní. Onígbàjámọ̀ fi àtàǹpàkò tẹ kílípà, ó dákẹ́. Apẹ̀rẹ̀ mì. “Ẹ̀ẹ̀n…” Kíá, kílípà tún ké.)*

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Kí ló dún yẹn?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Àga ni, sà. Ó ń fẹ́ epo.

*(Bàbá mi ìdí sọ́tùn-ún, ó mi ìdí sósì. Àga kò dún.)*

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Kò dún.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ó ti mọ̀ yín báyìí, sà.

BÀBÁ ÌYÀWÓ: O ò tíì ṣe tán?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ó ku díẹ̀. Apá ọ̀tún ga ju apá òsì lọ. *(Kílípà lọ sọ́tùn-ún.)* Háà. Apá òsì ló wá ga jù. *(Kílípà lọ sósì.)* Sà, a ní láti pè wọ́n méjèèjì sí ìpàdé láàárín.

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Kí ni nǹkan funfun tó ń já bọ́ sórí aṣọ yìí?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Àtíkè ọmọ ni, sà. Ibi tí ọmọ bá wà, kò sí ibi tí kì í bà sí.

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Àtíkè wo ló ń kákò báyìí bí irun?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Àtíkè òde òní, sà.

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Atẹ́gùn kan sì ń fẹ́ sí mi lórí.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ilẹ̀kùn ló ṣí, sà.

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Ilẹ̀kùn yẹn ti ṣí kí n tó dé. Atẹ́gùn tí mò ń wí yìí ń kan awọ lára.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ara yín ló jí pépé, sà. *(Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.)* Ìwọ ọkùnrin yìí, ẹ̀gbẹ́ etí ni wọ́n rán ọ, o ti gun òkè orí dé. Bí o bá pa kílípà, ìyàwó lọ, ọmọ lọ. Bí o kò bá pa á, irun bàbá lọ. Rò ó dáadáa. Irun máa ń hù. Ìyàwó kì í hù.

*(Ó ń gé lọ. Nígbà tí yóò fi gbójú sókè, orí Bàbá ti ń dán gbinrin, eṣinṣin kan bà lé e, ó yọ̀, ó ṣubú. Kílípà ṣì ń ké. Onígbàjámọ̀ wo orí náà yíká, bí ẹni tí ó ń wá ewúrẹ́ nínú pápá gbalasa.)*

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Irùngbọ̀n ńkọ́, sà?

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Má fọwọ́ kan irùngbọ̀n mi!

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Apá wo nínú rẹ̀, sà?

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Báwo lo ṣe ń bi mí ní apá wo?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Apá kan ló kù, sà.

*(Kí Bàbá tó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, kílípà wúkọ́, ó fà, ó kú. Bátìrì tán. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ lọ rọ́rọ́. Ọmọ wá lajú, ó fa èémí sínú, ó sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí kóòmù já bọ́ lórí tábìlì, tí àwọn ọkọ̀ tó wà ní òpópónà kejì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọkọ̀ panápaná lè kọjá.)*

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Ẹkún nìyẹn! Mo gbọ́ ọ! Ọmọ mi ń di ẹrù rẹ̀ lónìí!

*(Ó fò dìde tòun taṣọ lọ́rùn, ó gbé ọmọ nínú apẹ̀rẹ̀, ó yíjú padà, ó sì dojú kọ dígí.)*

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. N kò mọ̀ pé oníbàárà míì wà níbí. Àṣé ẹ̀yin náà gbé ọmọ lọ́wọ́.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Sà…

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Dákẹ́, àgbà méjì ń sọ̀rọ̀. *(Ó sún mọ́ dígí.)* Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló fá bàbá arúgbó yìí lórí, tó wá fi irùngbọ̀n apá kan sílẹ̀ fún un?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Èmi ni, sà.

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Ojú ò tilẹ̀ tì ọ́? Ta ni bàbá náà sí ọ?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Bàbá ìyàwó mi ni, sà.

*(Bàbá fọwọ́ kan orí. Bàbá inú dígí náà fọwọ́ kan orí.)*

BÀBÁ ÌYÀWÓ: YÉÈ! Ẹ̀gbẹ́ etí! Ẹ̀gbẹ́ etí ni mo ní kí o tọ́!

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Etí wà níbẹ̀, sà. Àwọn nìkan ló kù.

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Kí ni mo ṣe fún ọ?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ ò ṣe nǹkan kan, sà. Ọmọ yìí ni kì í sùn àfi tí kílípà bá ń ké. Ẹ sì ní tó bá sunkún, ẹ ń kó wọn lọ.

BÀBÁ ÌYÀWÓ: O wá fi orí mi rẹ ọmọ?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Kí ni kí n ṣe, sà? Ẹ wo èmi náà. Èmi tí mò ń kọ́ gbogbo ìlú ní ọmọ títọ́, n kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì. Ọmọ yìí tọ̀ sí mi lẹ́nu níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín sí i, mo ní “O ṣeun, sà.” Mo ń ṣi gbogbo nǹkan ṣe. Àmọ́ tí ẹ bá kó wọn lọ, ta ni n óò máa ṣì í ṣe fún? Yóò ku èmi nìkan nínú yàrá. Èmi náà á bẹ̀rẹ̀ ẹkún, kò sì sí kílípà tó máa rẹ̀ mí.

*(Bàbá wo ọmọ. Ọmọ ṣì ń ké.)*

BÀBÁ ÌYÀWÓ: O ò ní ẹ̀rọ míì ni?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ó wà, sà. Ọmọ ló ní ohùn rẹ̀ kò wu òun.

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Kúrò lọ́nà. Wo bí àgbà ṣe ń ṣe é. *(Ó gbé ọmọ jìnnà sí ara rẹ̀, bí ẹni tí ó gbé ìkòkò gbígbóná.)* Ìwọ ọmọ yìí! Ó tó!

*(Ọmọ fi kún un.)*

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ọrùn rẹ̀, sà! Ẹ fọwọ́ ti ọrùn rẹ̀! Sà, ẹ má bínú o. Ọmọ mélòó lẹ ti gbé báyìí rí?

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Ká ka èyí mọ́ ọn?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ kà á mọ́ ọn.

BÀBÁ ÌYÀWÓ: *(jẹ́jẹ́)* Ó jẹ́ ẹyọ kan.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Àwọn tí kò sunkún rí ńkọ́?

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Ìyá wọn ti máa ń sá gbé wọn lọ sẹ́yìnkùlé kí n tó gbọ́.

*(Onígbàjámọ̀ gba ọmọ, ó gbé e lé àyà, ó pa ẹnu dé, ó sì fi imú ké bíi kílípà: “Hùùùùnnn…” Ọmọ rọlẹ̀. Ojú onígbàjámọ̀ ń pọ́n, èémí rẹ̀ ń tán. Ó ń fọwọ́ bẹ Bàbá. Bàbá wo ìta bóyá ẹnì kan ń wò ó, ó wá gbà á níbi tó dé: “Hùùùùnnn…” Láti ìhín lọ, bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, èkejì ló ń ké bíi kílípà.)*

ONÍGBÀJÁMỌ̀: *(ó ń mí hẹlẹhẹlẹ)* Ṣé ẹ ṣì máa kó wọn lọ, sà?

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Hùùùn… kó wọn lọ síbo? Ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún mi? Ìyá ìyàwó rẹ kò ní í gba orí yìí wọlé láéláé. Mo wá kó ẹni méjì kúrò nílé rẹ ni, èmi ni mo wá kún wọn. Ọ̀dọ̀ yín ni mo wà títí irun yìí á fi hù.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Sà! Yàrá kan ni wá o! Ibi tí a ń na ẹsẹ̀ sí, ibẹ̀ náà la ń gbé orí lé!

BÀBÁ ÌYÀWÓ: N óò sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ ọmọ. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ bá mi fara dà. Mo máa ń hanrun.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Báwo ló ṣe ń dún, sà?

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ṣé mi ò sùn ni? Ìyá ìyàwó rẹ ló ní ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń gé irun nínú ihò imú mi. Ó ní tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í dákẹ́ títí n óò fi lajú.

*(Onígbàjámọ̀ wo ọmọ. Ó wo imú Bàbá. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ apá kan, ọmọ wà ní apá kejì, ó sì ń fi ìgbónwọ́ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa.)*

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Kí la ṣì ń dúró ṣe níbí, sà? Ẹ jẹ́ ká máa lọ! Orí bẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ń sùn. Èmi ni mò ń lọ sílẹ̀.

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Má yọ̀ jù o. Ọjọ́ tí irun yìí bá ti hù, mo ń lọ sílé mi.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ta ló máa jẹ́ kó hù, sà?