Ajífọkọ̀ àti Ọkọ̀ Bàbá Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ bá mi kí Ajífọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọkọ̀ Àtijọ́ ni ká máa pe òun, ṣùgbọ́n ẹnu àdúgbò kọ̀ ọ́. Ajífọkọ̀, ọmọ agbé-kànrìnkàn, afọkọ̀-títí-gbàgbé-ojú-ara-rẹ̀. Ilẹ̀ kì í mọ́ kó má ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú rọ́bà omi, kí gbogbo ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ lè rí i.

Tí o bá ṣèèṣì wo ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, o ti wọ gàù. Yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò tan iná, yóò ní kí o fọwọ́ pa ìlẹ̀kùn lára. Mo ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́ nítorí ìlẹ̀kùn yẹn, n ò sì tíì dárí jì í.

Ọkọ̀ náà kì í kúkú ṣe tirẹ̀. Bàbá ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé ló ni ín. Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ rẹ̀ débi pé èèyàn lè jókòó sínú ọkọ̀ kó máa wo èèrà tó ń lọ nísàlẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ wá bá a ṣàdéhùn: kó tún un ṣe dáadáa, kí òun fi yí pápá ká níbi ìpàtẹ àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́. Bí inú òun bá dùn, ọkọ̀ kejì tí ọkọ òun fi sílẹ̀, èyí tí orí rẹ̀ ṣeé ká, di ti Ajífọkọ̀.

Ọkọ̀ olórí-kíká yìí ni Ajífọkọ̀ ń rí lójú oorun. Iṣẹ́ ara ti àkọ́kọ́ ni kò fẹ́ ṣe.

"Pe wẹ́dà," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Kó gé irin tó ti jẹrà kúrò, kó jó tuntun mọ́ ọn."

"Wẹ́dà kẹ̀? Kó wá gba ògo mi?"

"Ṣé ìwọ lo máa jó o?"

"O rò pé ọwọ́ lásán ni ọwọ́ yìí?"

Ọwọ́ náà kì í ṣe lásán lóòótọ́. Ó ti ìlẹ̀kùn, ó gé páálí fìríìjì ní ìwọ̀n ihò, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó fi pútì rẹ́ ẹ, ó fọ̀dà dúdú kùn ún, ó sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa lé e. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ la tó mọ̀. Ibi tí awakọ̀ ń gbẹ́sẹ̀ sí nìkan ni irin ṣì wà, ibẹ̀ náà nìkan ló sì ń gbà kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ká ní ó fi mọ bẹ́ẹ̀ ni, àṣírí ì bá bò. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló ń fọ ọkọ̀, tó ń fín omi sábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní fáàrí àṣejù, oko olówó ní í mú ni lọ. Ti Ajífọkọ̀, orí pápá ló mú un lọ.

Ọjọ́ ìpàtẹ, ó ní kí Màmá, ìyá ìyàwó rẹ̀, lọ dúró dè é lórí pápá, kí àtẹ́wọ́ tó máa gbà nígbà tó bá ń wọlé má di ti ẹni méjì. Ó wọ ibọ̀wọ́ funfun.

"Ta ló ṣe ilẹ̀ ọkọ̀ yìí?" ni alága ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́ bi í.

"Èmi ni, sà. Irin tuntun ni gbogbo ẹ̀. Àwọn tó ń fi pútì tan ara wọn jẹ wà níbí, ojú ń tì mí fún wọn. Tèmi yìí, kí erin wọlé kó jó."

"Èmi kì í ṣe erin," ni Màmá wí. "Ṣílẹ̀kùn fún mi."

Màmá jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ wọlé. A ò gbọ́ ariwo kankan, nítorí páálí tó ti rẹ kì í pariwo. Bàtà Màmá la kàn rí lórí koríko lábẹ́ ọkọ̀, àti páálí kan tó fì sílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán fìríìjì lára rẹ̀.

Ajífọkọ̀ ò rí i. Ó ń juwọ́ sáwọn èèyàn. "Màmá, ẹ jókòó dáadáa, ká máa lọ."

"Bó o bá wà á, èmi ni mo máa rìn."

Alága bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀. "Ọ̀gá, ọkọ̀ lẹ tún ṣe àbí fìríìjì?"

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Ajífọkọ̀ ní ọ̀rinrin ni, ó ní ayé ni.

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó wo iwájú ọkọ̀ níbi tí ọkọ rẹ̀ ti máa ń jókòó, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Ó wá pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìyàwó Ajífọkọ̀.

"Olórí-kíká di tìẹ. Ọ̀la ni kó o wá gbé e, kó o sì mú wẹ́dà dání. Ní báyìí, bọ́ síbi ìwakọ̀. Mo ní mo máa fi ọkọ̀ bàbá ẹ yí pápá yìí ká, mo sì máa yí i ká." Ó yíjú sí ọkọ ọmọ rẹ̀. "Ìwọ, pa ẹ́ńjìnnì, kó o máa tì í."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yí pápá ká. Ọmọ di ọwọ́ ìwakọ̀ mú, Màmá ń juwọ́ lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀. Ajífọkọ̀ wà lẹ́yìn, ó ń tì, ó ń làágùn. Láti ìgbà tí ọkọ̀ yẹn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ rí i tó ṣiṣẹ́ gidi lára rẹ̀.