Ọkọ Ìyàwó Lórí Jìngíńní

Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Ibafo ni Wòsílátù ń so ẹṣin tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yìí, Olúgbádé, ọmọ Mowe tí kò sí ohun tí kò mọ̀ láyé, ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ gbì sórí yanrìn nígbà kẹta. Fìlà rẹ̀ ti wà lẹ́nu ẹṣin.

OLÚGBÁDÉ: Màmá, ẹṣin yìí nílò ìtúsílẹ̀!

WÒSÍLÁTÙ: (Ó ń gba fìlà lẹ́nu ẹṣin.) Jìngíńní? Ìyàwó méjìlá ló ti gbé lọ sílé ọkọ. Kò gbé ẹnikẹ́ni ṣubú rí.

OLÚGBÁDÉ: Èmi ńkọ́? Ṣé èmi ni mo gbé ara mi ṣubú ni?

WÒSÍLÁTÙ: N ò sọ bẹ́ẹ̀, ọkọ ìyàwó. Mo kàn ní kò gbé ẹnikẹ́ni ṣubú rí.

OLÚGBÁDÉ: Àwọn àgbà ní ẹni tó gẹṣin, bí kò bá ju ìpàkọ́, ẹṣin á bá a jù ú. Ìpàkọ́ ni wọ́n sọ o! Ta ló ní kó ju gbogbo ara? Kì í sì í ṣe pé n ò mọ̀ ọ́n gùn. Fídíò mẹ́rìnlélógún ni mo wò lórí fóònù. Wọ́n ní kéèyàn na ẹ̀yìn, kó di ìjánu mú, kó má bẹ̀rù. Mo nà, mo dì í mú, ẹ̀rù ò sì bà mí.

WÒSÍLÁTÙ: Ta ló wá ń pariwo “Jésù gbà mí” lẹ́ẹ̀kan?

OLÚGBÁDÉ: Àdúrà nìyẹn. Àdúrà kì í ṣe ẹ̀rù. (Ó gbọn yanrìn kúrò lára, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.) Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́túnla ni wọ́n fẹ́ fi bàbá Mọ́láyọ̀, àfẹ́sọ́nà mi, jẹ Baálẹ̀ lábúlé wọn lọ́nà Ibogun. Ìdílé ẹlẹ́ṣin ni wọ́n. Bàbá bi mí lójú gbogbo ẹbí pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ ẹṣin gùn?”

WÒSÍLÁTÙ: O wá ní kí ni?

OLÚGBÁDÉ: Mo ní inú gàárì ni wọ́n bí mi sí.

WÒSÍLÁTÙ: Yéè! Ẹnu ẹ yìí!

OLÚGBÁDÉ: Wọ́n ní bí mo bá gẹṣin wọlé, kí n mú ọjọ́ ìdána wá. Bí mo bá fẹsẹ̀ rìn wọlé, òpùrọ́ ni mí, àwọn kì í sì í fọmọ fún òpùrọ́. Màmá, mo nífẹ̀ẹ́ Mọ́láyọ̀. Ẹ gbà mí.

WÒSÍLÁTÙ: Ó dáa. Tún un gùn, kí n máa wò ọ́.

(Olúgbádé gùn ún. Jìngíńní ń rìn jẹ́jẹ́ bí ìyá àgbà tó ń ti ìsìn bọ̀. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù. Olúgbádé ṣí fìlà.)

OLÚGBÁDÉ: Ẹ kú iṣẹ́ o! Àṣelà o!

(Jìngíńní fi ìdí sókè. Gbì! Ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin.)

WÒSÍLÁTÙ: (Ó pàtẹ́wọ́.) Háà! Mo ti mọ̀ ọ́n! Kí lo ṣe kó tó jù ọ́?

OLÚGBÁDÉ: N ò ṣe nǹkan kan! Mo kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ni.

WÒSÍLÁTÙ: Ìgbà kẹta ńkọ́?

OLÚGBÁDÉ: Ìyá kan ló ru igi kọjá. Mo ní ẹ kú ẹrù.

WÒSÍLÁTÙ: Ìkejì?

OLÚGBÁDÉ: Ọlọ́kadà kan ni, táyà rẹ̀ jò. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́.

WÒSÍLÁTÙ: Àkọ́kọ́?

OLÚGBÁDÉ: Ẹ̀yin ni. Mo ní ẹ kú ìdúró.

WÒSÍLÁTÙ: O sì ń ṣí fìlà fún gbogbo wa?

OLÚGBÁDÉ: Wọ́n kọ́ mi nílé, Màmá! Orí ẹṣin kò ṣeé dọ̀bálẹ̀, fìlà ni mo fi ń rọ́pò ẹ̀.

WÒSÍLÁTÙ: Bàbá mi, Bùrẹ́ímọ̀, ló kọ́ Jìngíńní. Bí wọ́n bá dé iwájú ọba, tí bàbá bá ti ṣí fìlà, òun náà á fi ìdí sókè. Ó ń kí ọba ni. Àwọn ìyàwó méjìlá yẹn ò dé fìlà. Ẹṣin yìí kì í ṣe ọlọ̀tẹ̀, ọmọlúàbí ni.

OLÚGBÁDÉ: Ṣé ẹ ń sọ pé ẹ̀kọ́ ilé ló ń gbé mi ṣubú?

WÒSÍLÁTÙ: Tìẹ àti tiẹ̀. Ó ti pọ̀ jù láàárín ẹ̀yin méjèèjì.

OLÚGBÁDÉ: Ẹ bá mi sọ fún un kó dín tiẹ̀ kù.

WÒSÍLÁTÙ: Ó ti dàgbà jù. Ìwọ ni kó o dín tìẹ kù. Tó bá di Sátidé, má ṣí fìlà. Ẹnu ni kó o fi kí wọn.

OLÚGBÁDÉ: Àna! Ẹnu lásán! Bí ẹni tó ń kí kọ̀ńdọ́ dánfó! Ìyá Mọ́láyọ̀ ńkọ́? Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ńkọ́? Àbúrò rẹ̀ tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi pàápàá, àna mi ni!

WÒSÍLÁTÙ: Ṣí fìlà nígbà náà.

OLÚGBÁDÉ: Kí n ṣubú?

WÒSÍLÁTÙ: Má ṣí i.

OLÚGBÁDÉ: Kí n pàdánù ìyàwó?

(Jìngíńní ń jẹ koríko tiẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò kàn án.)

WÒSÍLÁTÙ: Bó o bá dé iwájú àna, tó o ṣí fìlà tán, kí ló tún kù?

OLÚGBÁDÉ: Màá sọ̀kalẹ̀, màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

WÒSÍLÁTÙ: Gbalaja. Àyà nílẹ̀?

OLÚGBÁDÉ: Àyà nílẹ̀.

WÒSÍLÁTÙ: Ẹ̀ẹ̀mẹrin tó ti jù ọ́ yìí, kí lo fi ń balẹ̀?

OLÚGBÁDÉ: (Ó fọwọ́ pa á.) Ìdí.

WÒSÍLÁTÙ: Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó fi ìdí balẹ̀, ó ṣubú. Ẹni tó fi àyà balẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Ta ló fẹ́ mọ̀?

(Olúgbádé wo ẹṣin. Ó wo yanrìn. Ó na ọwọ́.)

OLÚGBÁDÉ: Màmá, ẹ fún mi ní fìlà mi.

(Ó gùn ún, ó dé iwájú Wòsílátù, ó ṣí fìlà. Jìngíńní fi ìdí sókè. Olúgbádé gba orí ẹṣin kọjá, ó sì nà gbalaja lẹ́sẹ̀ ìyá náà, àyà nílẹ̀, fìlà lọ́wọ́. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù hó yèè.)

WÒSÍLÁTÙ: Dìde, àna wa! A ti fọmọ fún ọ!

OLÚGBÁDÉ: (Yanrìn kún ẹnu rẹ̀.) Ṣé mo sọ fún yín àbí n ò sọ? Inú gàárì ni wọ́n bí mi sí!