Ẹ́ńjìnnì Tó Gbọdọ̀ Mí Kó Tó Sùn

Ẹjọ́ kan balẹ̀ sí ààfin lánàá, irú ẹjọ́ tí í mú kí ìjòyè gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Aránṣọ kan ló pe ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Kafíńtà ni ọkọ náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é ní kafíńtà mọ́. Tọ́bò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì onítọ́bò tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, èyí tó máa ń ròyìn fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè. Bí o bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, kí ó tó dá ọ lóhùn, wàá ti mọ irú ọ́ìlì tí ọkọ̀ rẹ̀ ń mu.

Tọ́bò jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú Baálẹ̀, ó di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ti gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ wá béèrè: kí Baálẹ̀ ní kí wọ́n ta ọkọ̀ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò kó ẹrù òun lọ sílé ìyá òun. Tọ́bò fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀. Ohun tí kò fẹ́ ni kí ẹnikẹ́ni ní kó mú ọ̀kan.

"Aránṣọ, kí ni ọkọ rẹ ṣe?" ni Baálẹ̀ bi obìnrin náà.

"Wọn kì í wọlé, Baálẹ̀."

"Níbo ló wá ń sùn?"

"Inú ilé náà ni wọ́n ń sùn. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń jókòó sí. Ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ò sì lọ síbì kankan. Wọ́n á ní àwọn ń jẹ́ kó mí. Oúnjẹ á tutù, màá gbé e kaná, á tún tutù. Ìgbà tí wọ́n bá fi máa wọlé, àwọn ọmọ ti sùn, oorun ti ń kun èmi náà."

Ìjòyè àgbà, tó ti ń tòògbé bọ̀ láti àárọ̀, lajú. "Kí ló ń mí?"

"Ẹ́ńjìnnì ni, bàbá."

"Ó nímú ni?"

Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Tọ́bò, dìde. Ṣé òótọ́ ni?"

Tọ́bò dìde. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, àmọ́ bí wọ́n bá ti ní kó wá sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, ara rẹ̀ á yá, ì báà jẹ́ níwájú adájọ́.

"Òótọ́ ni, Baálẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Sìlíńdà mẹ́rin, jíà márùn-ún, agbára ẹṣin àádóje..."

"Ẹṣin mélòó?"

"Àádóje, Baálẹ̀."

"Ẹṣin kan ṣoṣo ni bàbá mi ní, gbogbo ìgbà ló ń gbé e ṣubú. Ìwọ wá kó àádóje jọ, o sì ń gbé aya àtọmọ sí i?"

"Kì í ṣe ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀, Baálẹ̀. Agbára wọn ni wọ́n fi wọn tiẹ̀."

"Máa bá a lọ, àmọ́ fi àwọn ẹṣin sílẹ̀."

"Tọ́bò nìdí ọ̀rọ̀. Fáànù kékeré kan ni, kò ju ìkúùkù lọ. Èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, òun náà á wá máa fẹ́ atẹ́gùn padà sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára. Ó máa ń gbóná débi pé á pọ́n. Ọ́ìlì ló ń tù ú lára. Tẹ́ ẹ bá sáré dé, tẹ́ ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójijì, ọ́ìlì dúró nìyẹn, fáànù ṣì ń yí. Ó bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, a kì í bò ó lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni tọ́bò."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín inú dídùn. "Baálẹ̀, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n jẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀ tán gbẹ̀yìn."

Tọ́bò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Baálẹ̀ gbọ́ ní tirẹ̀.

"Ta ló ní kó o máa jókòó sínú ọkọ̀?"

"Mẹkáníìkì mi ni."

Wọ́n ti mẹkáníìkì síwájú. Ó ti ń gbìyànjú láti fara pamọ́ sẹ́yìn òpó, àmọ́ òpó náà kò sanra tó o.

"Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó mí díẹ̀ ni, Baálẹ̀."

"Báwo ni díẹ̀ yẹn ṣe tó?"

"Bí ìgbà téèyàn tú okùn bàtà."

Tọ́bò yíjú sí i. "Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ, o ní bí ìgbà téèyàn se ìrẹsì jiná."

"Ìyẹn tẹ́ ẹ bá ru pákó gun òkè ni, ọ̀gá."

"Òkè wo ló wà láàárín ibi iṣẹ́ Tọ́bò àti ilé rẹ̀?" ni Baálẹ̀ bi mẹkáníìkì.

"Kò sí òkè kankan, Baálẹ̀."

"Ṣé ó máa ń sáré ni?"

"Kẹ̀kẹ́ ọmọléwé máa ń yà wọ́n sílẹ̀."

"Ṣé tọ́bò rẹ̀ wá máa ń gbóná?"

Mẹkáníìkì wo Tọ́bò, oníbàárà rẹ̀ pàtàkì, ó tún wo Baálẹ̀. "Ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́," ló wí. Nígbà tí ààfin bú sẹ́rìn-ín, ó sáré fi kún un: "Bá a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, Baálẹ̀. Èmi wí tèmi, àwọn ni wọ́n gbé e débi tó dé."

Ojú ti Tọ́bò. Ó rí i pé ẹ̀rín yìí lè ta ọkọ̀ mọ́ òun lọ́wọ́, ló bá pe ẹlẹ́rìí tirẹ̀, onílé tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ wọn.

"Baálẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn kì í pariwo rárá," ni onílé wí. "Kò sẹ́ni tó ń dí lọ́wọ́."

"Báwo lo ṣe ń mọ̀ tó bá ti dé?"

"Àwọn abọ́ mi ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù."

"Lọ jókòó," ni Baálẹ̀ wí.

"Ó ṣeé gbọ́kàn lé, Baálẹ̀," ni Tọ́bò sáré wí. "Ẹ́ńjìnnì yẹn ò dá mi dúró lọ́nà rí."

Aránṣọ fò dìde. "Èmi tí mo lóyún, tí ọmọ ń mú mi, èmi ni mo tì í dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù."

"Bátìrì ló kú. Ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan."

"Ọjọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi ńkọ́?"

"Bẹ́líìtì ló já. Ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan."

"Ọjọ́ tí omi gbígbóná ń tú yááyáá nídìí rẹ̀?"

"Rédíétọ̀ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan."

"Ọjọ́ tí táyà wa yọ, tó sáré kọjá wa lójú títì?"

"Nọ́ọ̀tì ló tú, ìyá wọn. Ẹ́ńjìnnì ò..."

"Ẹ́ńjìnnì yìí jọ olórí ẹbí wa," ni ìjòyè àgbà wí. "Gbogbo ilé ń wó, òun ò ṣe nǹkan kan."

Baálẹ̀ dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ náà ń wù.

"Ìgbà wo lo pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀?"

"Ọjọ́ Ajé tó kọjá, Baálẹ̀."

"Táyà wo ló kọ́kọ́ máa ń jẹ?"

"Ti ọwọ́ ọ̀tún, níwájú."

"Èjìká ìyàwó rẹ wo ló ń dùn ún?"

Tọ́bò yíjú padà. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Gbogbo ààfin ti mọ ìdáhùn náà, nítorí láti ìgbà tí obìnrin náà ti wọlé ló ti fi ọwọ́ ọ̀tún di èjìká òsì mú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọkọ rẹ̀ máa rí i. Ìtìjú mú un gan-an, ó sì yẹ kó mú un.

"Kí ló ṣe èjìká ọ̀hún?" ni Baálẹ̀ rọra bi Aránṣọ.

"Àga tí mo fi ń ránṣọ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ó ń mì. Apá yìí ni mo máa ń fi di tábìlì mú kí n má baà ṣubú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn. Mi ò parí i rí."

"Ìyàwó kafíńtà?"

"Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, Baálẹ̀," ni Tọ́bò kùn.

"Ọ̀bẹ ò lọ́wọ́. Ìwọ ní méjì, kọ́kọ́rọ́ lo fi wọ́n dì mú."

Aránṣọ nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. "Mi ò kórìíra ọkọ̀ yẹn, Baálẹ̀. Mò ń jowú rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ pa á lórí. Wọ́n á wá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín síyẹn. Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè forí korí, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, lẹ́yìn náà Baálẹ̀ wúkọ́.

"A ò ní ta ọkọ̀ náà."

Tọ́bò mí kanlẹ̀.

"Má tíì mí," ni Baálẹ̀ wí. "Láti òní lọ, bó o bá ti délé, fi ẹ́ńjìnnì rẹ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Mú sípánà, tú àga awakọ̀ kúrò, kó o gbé e wọlé. Orí ẹ̀ ni ìyàwó rẹ á ti máa ránṣọ. Ìwọ á jókòó sórí èyí tó ń mì, wàá sì máa gbọ́ tiẹ̀. Òun náà ti ń gbóná bọ̀ ọjọ́ pẹ́. O ò gbọdọ̀ pa á lẹ́nu mọ́ lójijì. Ìgbà tó bá tutù, tó fẹnu ara ẹ̀ ní ó tán, òun ló máa jáde lọ pa ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ á máa wà."

"Baálẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì á jóná ṣòfò."

"Èmi kọ́ ni mo ní kó máa mí."

"Láàárọ̀ ńkọ́?"

"Wàá tún àga náà dè padà, àfi tó o bá lè wakọ̀ lórí ìdúró. Ọjọ́ tó o bá kan àga gidi fún un ni ìdájọ́ yìí parí. Mẹkáníìkì, sípánà rẹ ló máa lò, wàá sì máa bá a gbé ìdí àga kan. Onílé, lọ di abọ́ rẹ mú."

Tọ́bò na kọ́kọ́rọ́ sí ìyàwó rẹ̀. Ó ṣe díẹ̀ kí ìka rẹ̀ tó jù ú sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun àti mẹkáníìkì tú àga ọkọ̀, wọ́n làágùn, àwọn ọmọ sì ń rẹ́rìn-ín wọn láti ojú fèrèsé. Aránṣọ jókòó sórí àga onítìmùtìmù náà, ó fẹ̀yìn tì í, ó sì dijú fúngbà díẹ̀. Tọ́bò jókòó sórí èyí tó ń mì, díẹ̀ ló kù kó gbé e ṣubú.

"Ìgbà wo ni nǹkan yìí ti ń ṣe báyìí?"

"Látìgbà tẹ́ ẹ ti ra ọkọ̀."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: ó sọ ti oníbàárà tó ń bú u pé aṣọ fún òun lọ́rùn, ó sọ ti orùlé tó ń jò. Tọ́bò ń mi orí, àmọ́ ìta ni etí rẹ̀ wà, ó ń fi ọkàn bá dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ wá sọ pé àbígbẹ̀yìn wọn kì í rí ohun tí olùkọ́ bá kọ sójú pátákó mọ́, àfi tó bá lọ dúró sí iwájú.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" Tọ́bò fa àga tó ń mì náà sún mọ́ ọn.

"Ọmọ náà fúnra ẹ̀ ni. Mo fẹ́ sọ fún yín láti..."

Níta, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì dákẹ́. Àwọn abọ́ onílé dákẹ́ pẹ̀lú. Aránṣọ dá ọ̀rọ̀ dúró, ó fi kọ́kọ́rọ́ tọ́ka sí fèrèsé.

"Ọkọ̀ yín ti kú."

Tọ́bò kò bojú wẹ̀yìn. "Epo ló tán," ló wí, "ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan. Ojú ọmọ wa lò ń sọ."