Gírámà Láìní Awò Ojú

Ẹ bá mi kí Ọ̀gá Gírámà, igbákejì ọ̀gá ní ọ́fíìsì omi-ẹ̀rọ, Afèdè-Òyìnbó-dẹ́rù-bọmọ-aráyé, Arọ̀jò-ọ̀rọ̀-má-mọ̀tumọ̀! Bí ọkùnrin yìí bá ń bọ̀ ní kọ̀rídọ̀, ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó fi há abíyá lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ikùn rẹ̀ á tẹ̀lé e, òun fúnra rẹ̀ á wá dé gbẹ̀yìn.

Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Láràárọ̀ ló ń kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi tẹ ọ̀rọ̀ sínú ìwé náà, lẹ́tà wínníwínní bí èèrà ni wọ́n wá fi tẹ ìtumọ̀. Ojú ọkùnrin yìí kò sì gbé èèrà mọ́. Awò ojú ńkọ́? Ó ní àwọn arúgbó ló ń lo awò, pé géńdé lòun. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ nìkan ló ń kó, ó ń fi ìtumọ̀ sílẹ̀. Èyí tó bá gùn jù ló gbà pé ó dùn jù.

Ọ̀gá àgbà fẹ́ fẹ̀yìn tì, ọjọ́ ìdágbére ni yóò sì dárúkọ ẹni tó máa jókòó sórí àga rẹ̀. Àga yẹn ń gbẹ Ọ̀gá Gírámà bí òùngbẹ. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé akọ̀wé, obìnrin tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tòun, mọṣẹ́ ju òun lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ rere ló ń yọ obì lápò, ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ gígùn á yọ àga. Ó ṣa mẹ́ta, ó ń fi wọ́n dánra wò níwájú dígí.

"Bàbá ọmọ mi," ìyàwó rẹ̀ ní, "ṣé ẹ ti wo ìtumọ̀ wọn?"

"Ìtumọ̀ kẹ̀? Èmi ni mo ni ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ ni kó lọ wá ìtumọ̀!"

Obìnrin náà mirí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọ̀gá àgbà jókòó níwájú, ìyá rẹ̀ arúgbó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá Gírámà wúkọ́, ó gbé ìwé rẹ̀ lé àyà.

"Ọ̀gá wa kì í ṣe ẹni kékeré! Ọ̀gá wa jẹ́ kadáfẹ́rọ́ọ̀sì! Ó jẹ́ flátúlẹ́ńtì! Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló jẹ́ sọpọrífíkì!"

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé, tó mọ̀ pé ohun tó ń kunni lóorun ni wọ́n ń pè ní sọpọrífíkì, dorí kodò, ẹ̀rín ń gbọ̀n èjìká rẹ̀. Ọ̀gá àgbà fajú ro. Ṣùgbọ́n inú ìyá àgbà dùn ṣìnkìn.

"Kadáfẹ́rọ́ọ̀sì ọmọ mi! Kadáfẹ́rọ́ọ̀sì ọmọ bàbá rẹ̀! Ẹ ò rí i pó dùn lẹ́nu! Ìwọ ọmọ yìí, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ ná? N óò máa fi kì í láràárọ̀."

Òógùn bo Ọ̀gá Gírámà. "Màmá, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Yorùbá ò lè gbé e."

"Yorùbá tó gbé mi dàgbà? Ìwé ìtumọ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹ yẹn. Ṣí i, jàre."

Ó ṣí i. Ó nà án síwájú, ó fà á mọ́ra, ó tẹ orí. Èèrà nìkan ló rí.

"Áà, ojú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu!" Ìyá àgbà tọwọ́ bọ báàgì, ó yọ awò tó fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wọ̀ ọ́. Awò pupa ni, òwú ni wọ́n fi so apá rẹ̀ kan.

Ìtumọ̀ yọ gedegbe. Ọjọ́ náà ni òun àti ìtumọ̀ kọ́kọ́ pàdé.

"Kà á sókè," ọ̀gá àgbà wí jẹ́jẹ́.

"Kadáfẹ́rọ́ọ̀sì... ẹni tó... tó rí bí òkú."

Àwọn tó pàtẹ́wọ́ yára ki ọwọ́ bọ àpò.

"Ta ló jọ òkú?" ìyá àgbà bèèrè. "Ìkejì ńkọ́?"

"Flátúlẹ́ńtì... ẹni tí inú rẹ̀ kún, tó ń... tó ń..."

"Tó ń kí ni?"

"Tó ń só, màmá."

Ẹ̀rín bú láti ìjókòó ẹ̀yìn dé iwájú. Ọ̀gá Gírámà ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lè là kó wọlé, ilẹ̀ kò là.

Ọ̀gá àgbà dìde. "Ẹ̀yin èèyàn mi, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀, ẹ jẹ́ n tètè sọ tèmi. Akọ̀wé ló máa gba àga mi."

Ọ̀gá Gírámà bọ́ awò, ó fọwọ́ méjèèjì nà án sí ìyá àgbà. Ìyá àgbà kò gbà á.

"Wọ̀ ọ́ padà, ọmọ mi. Ọ̀kan ṣì kù."