Ẹja Abọ́dúndé Tí Eyín Rẹ̀ Gùn Jù

Lánàá ni ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, inú garawa omi ni wọ́n sì gbé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ wá. Ẹja ni, irú èyí tó máa ń wú bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á. Abọ́dúndé, akọ̀wé ní Yaba, ló ń sìn ín nínú àpótí gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́dífúṣọ̀n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló pè lẹ́jọ́, Àǹtí Àrìnpé, tó wá kí wọn láti Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò tíì padà.

"Kí ló ṣe ẹja?" Baálẹ̀ bèèrè.

"Bàbá, ebi fẹ́ pa á kú, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ wà níwájú rẹ̀!" Abọ́dúndé dáhùn. "Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀. Láti London ni wọ́n ti ń fi ẹ̀kọ́ náà ránṣẹ́ sí mi, méjìlá ni. Ẹ̀kọ́ keje ní eyín rẹ̀ kì í dẹ́kun híhù, àfi kó máa fọ́ ìkarahun ìṣáwùrú jẹ kó lè dínkù. Àǹtí Àrìnpé ń bó ìkarahun kúrò! Eyín ti dí i lẹ́nu báyìí. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí kò jẹun."

"Àrìnpé, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Bàbá. Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń yọ wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tún fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n. Ṣé èmi ọmọ Àkàngbé ni màá gbé oúnjẹ líle bí òkúta síwájú ẹni tó ń wò mí lójú? Bí mo bá ń kọjá, á máa jùrù, á máa tẹ̀ lé mi!"

"Kì í tẹ̀ lé ènìyàn!" Abọ́dúndé figbe ta. "Oorun ló máa ń sùn! Á dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, á ká ìrù, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀."

Wọ́n pe Yẹ̀kínnì, alátùn-únṣe aago tó ń gbé yàrá òdìkejì.

"Ẹja yẹn kì í sùn rárá, Bàbá. Bí mo bá ti yọjú, á yanu."

"Ó ń sùn," Kíkẹ́, ìyàwó Abọ́dúndé, dá sí i. "Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́."

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ láago mẹ́rin?"

Kíkẹ́ wolẹ̀. "Ọkọ mi ló ń ti ibi iṣẹ́ dé, Bàbá. Wọ́n á máa ka ẹ̀kọ́ London fún un sókè. Kí wọ́n tó ṣí ojú-ìwé kejì, ó ti sùn lọ. Èmi náà kì í pẹ́ kí n tó tẹ̀ lé e."

Ẹ̀rín sọ. Abọ́dúndé rántí lẹ́tà tó kọ sí London pé ẹja Nàìjíríà ń sùn lọ́sàn-án. Sítáǹbù méjì ló fi ṣòfò lé e lórí.

"Àrìnpé, mélòó lò ń bó?"

"Abọ́ kan lóòjọ́. Ẹja máa ń jẹ mẹ́fà tẹ́lẹ̀. Ìyókù ń lọ sínú ẹ̀fọ́."

"Ta ní ń jẹ ẹ̀fọ́?"

"Ẹ bi àna mi."

"Mi ò fẹ́ kó ṣòfò ni," Abọ́dúndé sọ wúyẹ́wúyẹ́. Odindi oṣù kan ló fi jẹ ìṣáwùrú láìbá ìkarahun kan pàdé. Òun tó mọ ẹ̀kọ́ keje lórí kò bi ara rẹ̀ léèrè rí ibi tí ìkarahun ń lọ.

Baálẹ̀ na ọwọ́ sí garawa. "Yẹ̀kínnì, mú ohun tí o fi ń gé wáyà. Gé eyín ẹja yìí kó tó kú. Abọ́dúndé, ìwọ ni wàá dì í mú."

Ẹja wú gbìrìmù lọ́wọ́ rẹ̀. Òógùn bo Abọ́dúndé, ṣùgbọ́n kò jù ú sílẹ̀. Yẹ̀kínnì gé e, ó kù díẹ̀ kó gé àtàǹpàkò Abọ́dúndé. Wọ́n dá ẹja padà sómi títí ó fi rọlẹ̀. Ni Àǹtí Àrìnpé bá ju ìṣáwùrú kan sí i, tòun ti ìkarahun.

"Kàù!" Ẹja ti fọ́ ìkarahun.

Gbogbo ààfin hó yèè. Àǹtí Àrìnpé nu omijé rẹ̀ nù.

"Ẹja ti yè," ni Baálẹ̀ wí. "Àrìnpé, má ṣe bó ìṣáwùrú fún un mọ́. Abọ́dúndé, o jẹ èyí tí wọ́n bó fún oṣù kan. Oṣù kan ni wàá fi jẹ tìrẹ tòun ti ìkarahun, láìlo abẹ́rẹ́. Bí o bá parí rẹ̀ tí o ṣì ní eyín tí o lè fi sọ̀rọ̀, wá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn."