Yẹ̀kínì Ajẹyin-gba-aboyún-là

Ní Ṣakí, lọ́dún tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò pọ́n-ùn, ọkùnrin kan wà tí ikùn rẹ̀ máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà. Yẹ̀kínì lorúkọ rẹ̀. Òun ló sọ ara rẹ̀ ní Alé-olè-jìnnà, nítorí ó ní òun ni kò jẹ́ kí wọ́n bí olè sí àdúgbò.

Àsíátù, ìyàwó rẹ̀, ìyá Sàrátù, ló lóyún. Nọ́ọ̀sì wo ojú rẹ̀, ó rí i pé inú ìpéǹpéjú ti funfun bí ẹ̀kọ. Ó ní kó máa jẹ ẹyin, ẹ̀dọ̀, wàrà, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Inú wọn ni ọmọ ti ń rí ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara, àwọn ló sì ń mú eegun rẹ̀ le. Bí ìyá kò bá jẹ wọ́n, ara ìyá ni ọmọ yóò máa jẹ.

"Èèwọ̀!" ni Yẹ̀kínì ké. "Aboyún tó bá jẹ ẹyin, olè ni yóò bí!"

"Wàrà ńkọ́, Bàbá Sàrátù?" ni Àsíátù bi í.

"Olè tó ń wa itọ́."

"Ẹ̀dọ̀ ńkọ́?"

"Olè tó láyà! Gbé gbogbo rẹ̀ wá, kí n bá ọ jẹ èèwọ̀ náà."

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ní í ru igbá rẹ̀ délé. Yẹ̀kínì jẹ igbá mọ́ ọn. Àsíátù ń gbẹ, ọkọ ń sanra, títí aládùúgbò wọn, Ògúndèjì, fi bi í pé, "Nínú ìwọ àti ìyàwó rẹ, ta ni yóò kọ́kọ́ bí?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, tí wọ́n ti kírun tán, Yẹ̀kínì ń yangàn lábẹ́ igi odán iwájú ilé rẹ̀.

"Ẹ wò mí! Mo mọ́ bí omi òjò. Ìyá mi kò fẹnu kan ẹyin nígbà tó lóyún mi!"

Kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Ìpàpó, agbọ̀n ẹyin awó sísè lórí. Àsíátù sáré wá kúnlẹ̀ kí i. Òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú. Gbogbo èèyàn rọ́ lù ú. Ìyá sọ agbọ̀n kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yẹ̀kínì, ó gbé Àsíátù jókòó.

"Ìyàwó mi, kí lò ń jẹ?"

"Ẹ̀kọ ni, Ìyá. Bàbá Sàrátù ní bí mo bá jẹ ẹyin, olè ni n ó bí."

Ìyá pa àtẹ́wọ́. "Haà! Nígbà tí mo lóyún Yẹ̀kínì yìí, bí àwọn awó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, wọ́n á jókòó lé ẹyin wọn kí n má baà kó o jẹ!"

Ògúndèjì fò dìde. "Ó tán! Yẹ̀kínì, nínú olè àti òpùrọ́, èwo ni ọ́? Mú ọ̀kan."

Yẹ̀kínì kàn mi orí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan rí rogodo.

"Dáhùn!" Ìyá gbá a lẹ́yìn, gbàà! Ẹyin awó kan, tòun tèèpo, fò jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ọta ìbọn ọdẹ. Bí ẹ bá ní irọ́ ni, ẹ lọ bi àwọn awó.

Ògúndèjì he ẹyin náà nínú erùpẹ̀, ó gbé e sókè.

"Ẹ̀yin ará, ó mú méjèèjì!"

Ìyá ò jẹ́ kí Yẹ̀kínì sá wọlé. Níbẹ̀, lójú gbogbo ayé, Yẹ̀kínì ló ń bó ẹyin, Àsíátù ń jẹ. Bí ọwọ́ Yẹ̀kínì bá sì ti sún mọ́ ẹnu ara rẹ̀ báyìí, gbogbo àdúgbò á figbe ta: "Olè!"