Ìgò tí Kò Sí Ẹja Nínú Rẹ̀

Kí la ti mọ̀ nípa mẹ́kúrì? Pé májèlé ni, àbí? Pé ó máa ń wọnú odò, ẹja á gbé e mì, àwa náà á gbé ẹja mì. Ó tọ́. Ohun tí a kò tíì mọ̀ ni bí ó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ Pupa-Àbímọ́.

Àwọ̀ ni àìsàn ọkùnrin yìí. Bó bá ń kí ọ, á na ọwọ́ tó pupa rokoṣo sí ọ lójú. "Ìyá mi ló bí i mọ́ mi! Èmi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìpara!" Ní yàrá àyẹ̀wò ẹja tó ti ń ṣiṣẹ́, kì í wọ ìbọ̀wọ́. "Ta ní í fi ọ̀rá bo wúrà?"

Lọ́jọ́ kan, bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ gbé ẹja inú adágún rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò mẹ́kúrì; owó ẹja náà ni wọn ó fi ṣe ìgbéyàwó. Bí ẹja bá mọ́, ìgbéyàwó yá. Bí kò bá mọ́, wọn á ri gbogbo ẹja adágún náà mọ́lẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ọwọ́ wúrà ni ẹja yín wà."

Ó gé ẹran ẹja sínú ìgò, ó da ásíìdì lé e, ó sè é títí ó fi yọ́ di omi, ó gbé e fún ẹ̀rọ tí ń wọn mẹ́kúrì. Yéè! Mẹ́kúrì kún bámúbámú!

"Ẹja tí mo fọwọ́ ara mi bọ́!" Bàbá káwọ́ lérí. "Ó parí. Kò sẹ́ja, kò sí ìyàwó."

Ọ̀gá obìnrin wọlé. "Ìgò òfìfo ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí a bá ń se ẹja, a óò se ásíìdì nìkan sínú ìgò mìíràn. Bí mẹ́kúrì bá wà nínú ìyẹn náà, kì í ṣe ẹja ló gbé e wá.

"Mà, ta ló ń wọn òfo?"

"Wọ̀n ọ́n."

Ó wọ̀n ọ́n. Òfo ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹja! Wọ́n pààrọ̀ ìgò, wọ́n pààrọ̀ ásíìdì. Mẹ́kúrì ò kúrò. Ni ọ̀gá bá fi òwú tútù nu ọwọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀, tirẹ̀ pẹ̀lú, ó gbé òwú náà fún ẹ̀rọ. Ọwọ́ ọ̀gá mọ́. Ọwọ́ agbálẹ̀ mọ́. Ti Pupa-Àbímọ́ ńkọ́? Ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo!

"Kí lò ń fi para?"

"Àbímọ́ ni, Mà."

"Ìyá rẹ bí mẹ́kúrì mọ́ ọ?"

Agolo kékeré kan yọ jáde lápò rẹ̀: ìpara tí wọ́n fi ń bóra, mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. Láti orí ni ẹja ti ń bàjẹ́, wọ́n ní; ti ọjọ́ náà, láti ọwọ́ ni.

Ọ̀gá wọ ìbọ̀wọ́, ó tún gbogbo àyẹ̀wò náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ẹja mọ́ tónítóní.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Fọkàn balẹ̀, ọkọ ọmọ mi, ìgbéyàwó ń bẹ. Ẹja mi ṣeé jẹ. Ìwọ gan-an ni kò ṣeé jẹ!"

Ó yá, ẹ lọ yí agolo ìpara tiyín padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn. Kí ẹ tó bá ẹja jà.